Ẹ̀wù Ìfarahàn fún Òṣìṣẹ́ tí ó Ga: Èrò Kan lórí Orúkọ àti Ìwọ̀n

Ìfáárà

Ìṣòro kan wà tí àwa tí a ń ṣẹ̀dá èdè-ìperí Yorùbá kì í sáábà gbà pé ó kàn wá. Ohun èlò lè ti dé ọwọ́ àwọn ènìyàn wa, kí wọ́n sì ti máa lò ó lójoojúmọ́, kí èdè wa tó ní orúkọ kan fún un tí ó ṣe é kọ sínú ìwé. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, orúkọ yòówù tí ó bá kọ́kọ́ bọ́ sí ẹnu ni ó ń di orúkọ rẹ̀. Bí ohun náà bá jẹ́ ohun ìgbádùn, àṣìpè kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ ohun tí a fi ń dáàbò bo ẹ̀mí, orúkọ tí kò bá a mu lè ṣini lọ́nà títí dé ibi ewu. Ẹ̀wù aláwọ̀ títàn tí àwọn òṣìṣẹ́ ojú pópó ń wọ̀ sórí aṣọ wọn, kí awakọ̀ lè rí wọn láti òkèèrè, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ nínú àpilẹ̀kọ yìí. Òṣìṣẹ́ tí ó ga ni mo sì fẹ́ fi ṣe òṣùwọ̀n, nítorí pé lára rẹ̀ ni àléébù orúkọ àti àléébù ìwọ̀n ti ń hàn jù.

Kí òǹkàwé má baà rò pé ọ̀rọ̀ ìlú ńlá nìkan ni èyí, ẹ jẹ́ kí a gbé e ka ilẹ̀ Ìgbómìnà. Ṣàrẹ́ ni ibùjókòó Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ní Ìpínlẹ̀ Kwara. Ìlú náà súnmọ́ ibi tí ilẹ̀ Ìgbómìnà ti bá ilẹ̀ Nupe pààlà, ọ̀nà sì gba ibẹ̀ lọ sí Tsaragi àti Lafiagi. Ẹni tí ó bá mọ agbègbè yìí mọ̀ pé bí ọyẹ́ bá dé, kùrukùru a bo ojú ọ̀nà ní òwúrọ̀, eruku a sì gba ojú ọ̀run ní ọ̀sán. Bí òjò bá tún bẹ̀rẹ̀, koríko ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà a ga tó ènìyàn. Lójú irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ó ń dí kòtò, ẹni tí ó ń gé koríko, ẹni tí ó ń wọn ilẹ̀ àti ẹni tí ó ń darí ọkọ̀ ti ń ṣiṣẹ́. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́rí; ṣùgbọ́n òṣìṣẹ́ tí ó doríkodò sí iṣẹ́ rẹ̀ kò lè fi ojú ara rẹ̀ ṣọ́ orí ara rẹ̀. Ojú awakọ̀ ni ó ń ṣọ́ ọ. Nítorí náà, ohun tí ó bá ran ojú awakọ̀ lọ́wọ́ ni ó ń dá ẹ̀mí òṣìṣẹ́ náà sí.

Ìtàn rẹ̀ àti òfin tí ó dì í mú

Ẹ̀wù yìí kò tíì pẹ́ púpọ̀ láyé. Ní ọdún 1964 ni ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin British Railways fi ẹ̀wù aláwọ̀ ọsàn wọ àwọn tí ń tún ojú irin ṣe ní Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, láti fi dán an wò. Ní ọdún 1994, àwọn ilẹ̀ Yúróòpù fi ẹnu kò sí ìlànà kan lórí rẹ̀ tí a mọ̀ sí EN 471. Ní ọdún 2013, ìlànà àgbáyé tí a ń pè ní ISO 20471 rọ́pò rẹ̀. Ìlànà yìí pín ẹ̀wù náà sí ìsọ̀rí mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ó ṣe lágbára tó. Ní ìsọ̀rí kejì, aṣọ aláwọ̀ títàn tí ó wà lára rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní 0.50 m², ọ̀já tí ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà kò sì gbọdọ̀ dín ní 0.13 m². Ní ìsọ̀rí kẹta, iye náà di 0.80 m² àti 0.20 m². Fífẹ̀ ọ̀já náà kò gbọdọ̀ dín ní mìlímítà 50.

Ní ilẹ̀ wa, Òfin Ilé-iṣẹ́ ti ọdún 1987 ti mẹ́nu ba ààbò àwọn òṣìṣẹ́. Ní ọdún 1988 ni ìjọba àpapọ̀ dá Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Ní ọdún 1994, Nàìjíríà fọwọ́ sí Àdéhùn 155 tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ti ṣe ní ọdún 1981. Àdéhùn náà sọ pé agbanisíṣẹ́ ni yóò pèsè aṣọ ìdáàbòbò níbi tí ó bá yẹ, àti pé òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ náwó lórí ètò ààbò ara rẹ̀.

Ibi tí iṣẹ́ atúmọ̀ èdè ti wọ ọ̀rọ̀ yìí nìyí. Àdéhùn náà kò béèrè fún aṣọ lásán. Aṣọ tí ó tó fún iṣẹ́ ìdáàbòbò ni ó béèrè fún. Atúmọ̀ èdè tí ó ń kánjú yóò kọ ọ́ pé “aṣọ ìdáàbòbò tí ó péye”. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀. Pé àti iye ni ó di péye. Ọ̀gá tí ó ní òṣìṣẹ́ ogún, tí ó sì ra ẹ̀wù ogún tí ìwọ̀n gbogbo wọn jẹ́ ọ̀kan náà, lè bọ́ síwájú ẹnikẹ́ni kí ó sọ pé ẹ̀wù òun péye. Kò purọ́, iye wọn pé. Síbẹ̀, ó lè jẹ́ pé mẹ́ta nínú àwọn ogún náà ni ẹ̀wù kò dé ìbàdí wọn. “Aṣọ ìdáàbòbò tí ó bá ara òṣìṣẹ́ àti iṣẹ́ rẹ̀ mu” ni ó yẹ kí a kọ. Gbólóhùn èkejì yìí gùn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò fi ibi ìsápamọ́ sílẹ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ fi kíkà ṣe wíwọ̀n.

Orúkọ mẹ́ta tí kò tó

Ó kéré tán, orúkọ mẹ́ta ni ó lè tètè wá sí ọkàn ẹni fún ẹ̀wù yìí. Èkíní ni ẹ̀wù atànmọ́lẹ̀. Orúkọ yìí dùn ún gbọ́, ìṣẹ̀dá rẹ̀ sì bá gírámà wa mu. Ṣùgbọ́n irọ́ ni ó ń pa. Ẹ̀wù náà kì í tan ìmọ́lẹ̀ kankan fúnra rẹ̀. Ẹni tí a bá sọ fún pé ẹ̀wù rẹ̀ ń tan ìmọ́lẹ̀ lè dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà nínú òkùnkùn biribiri, kí ọkọ̀ tí kò ní iná máa bọ̀, kí ọkàn rẹ̀ sì balẹ̀ pé awakọ̀ ti rí òun. Àṣìṣe tí orúkọ bí nìyẹn.

Èkejì ni ẹ̀wù ìdánimọ̀. Òótọ́ ni pé a lè fi ẹ̀wù náà mọ òṣìṣẹ́ yàtọ̀ sí èrò ọ̀nà. Ṣùgbọ́n orúkọ yìí sọ ẹ̀wù náà di ẹgbẹ́ fìlà àti aṣọ ẹgbẹ́jọdá. Bí ìdánimọ̀ bá ni gbogbo iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ohun tí ó burú bí ó bá kúrú, bí ó bá ya, tàbí bí a bá fi ṣí sílẹ̀ níwájú. Ọ̀gá tí ó gba orúkọ yìí gbọ́ kò ní rí ìdí tí ó fi yẹ kí òun ra oríṣiríṣi ìwọ̀n.

Ẹ̀kẹta ni ọ̀rọ̀-àyálò tí ó wà lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn, èyíinì ni rìfílẹ́kítọ̀. Èmi kò sí lára àwọn tí ń kórìíra ọ̀rọ̀-àyálò. Táyà, búrẹ́kì àti síìpù ti di tiwa, kò sì sí ẹni tí ó nílò láti wá òmíràn rọ́pò wọn. Ṣùgbọ́n àléébù ọ̀rọ̀-àyálò yìí ni pé ó fi orúkọ kan ṣoṣo bo nǹkan méjì mọ́lẹ̀. Aṣọ aláwọ̀ títàn wà, ọ̀já tí ó ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sì wà. Iṣẹ́ wọn kò dọ́gba, àsìkò iṣẹ́ wọn pàápàá kò papọ̀. Orúkọ tí kò bá yà wọ́n sọ́tọ̀ kò lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní ẹ̀kọ́ kankan nípa wọn.

Ohun tí ó wà nínú aṣọ àti ohun tí ó wà nínú ọ̀já

Aṣọ aláwọ̀ títàn ní èròjà kan nínú tí ó máa ń gba ìtànṣán oòrùn tí ojú ènìyàn kò lè rí, tí ó sì ń sọ ọ́ di àwọ̀ tí ojú lè rí. Ìdí nìyí tí ó fi dà bí ẹni pé àwọ̀ náà mọ́lẹ̀ ju ìmọ́lẹ̀ tí ó bọ́ sórí rẹ̀ lọ. Ọ̀sán ni ó wúlò jù, pàápàá ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ní ìrọ̀lẹ́ àti nígbà tí kùrukùru bá ṣú. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú pátápátá, tí iná ọkọ̀ nìkan ni ó kù, agbára rẹ̀ yìí kò sí mọ́.

Ọ̀já funfun tí ó rí bí fàdákà ni ó ń gba iṣẹ́ ní òru. Ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì wẹ́wẹ́ tàbí ohun tí ó jọ ọ́ ni ó wà lára rẹ̀. Kò ṣe bí jígí. Bí a bá tan iná sí jígí láti ẹ̀gbẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì ni ìmọ́lẹ̀ yóò gbà lọ. Ṣùgbọ́n ọ̀já yìí ń dá ìmọ́lẹ̀ padà sí ibi tí ó ti wá gan-an, èyíinì ni sí iná ọkọ̀ àti ojú awakọ̀ tí ó wà lókè iná náà. Níbi tí kò bá sí iná, ọ̀já náà kò ní ohun tí yóò dá padà. Bí eruku bá sì ti dì mọ́ ọn, díẹ̀ ni yóò dá padà.

Nítorí ìyàtọ̀ wọ̀nyí, orúkọ mẹ́ta ni mo dábàá. Gbogbo ẹ̀wù náà lápapọ̀ ni ẹ̀wù ìfarahàn. Àwọn ọdẹ wa ní gbérí tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí igbó, wọn kì í sì í fẹ́ kí aṣọ wọn pe ojú ẹran. Ìfarapamọ́ ni tiwọn. Òdì kejì rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ ojú pópó ń fẹ́, orúkọ náà sì sọ ọ́ láìfi ohunkóhun kún un. Aṣọ rẹ̀ ni àwọ̀ agboòrùn-tàn. Àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ a- ni a fi mọ́ àpólà ìṣe gba oòrùn tàn, lẹ́yìn tí ìpajẹ fáwẹ̀lì ti wáyé. Ọ̀nà kan náà ni a gbà ṣẹ̀dá amúnáwá, amúlétutù àti amóhùnmáwòrán, tí gbogbo ayé ti gbà. Ọ̀já rẹ̀ ni ọ̀já adá-ìmọ́lẹ̀-padà.

Ẹnìkan lè sọ pé agboòrùn ti jẹ́ orúkọ fún ohun tí a fi ń bo orí nítorí oòrùn. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n agboòrùn gba oòrùn dúró ni, ó sì parí síbẹ̀. Àwọ̀ yìí gba oòrùn, ó sì tàn. Ọ̀rọ̀-ìṣe tàn tí ó kẹ́yìn àti ọ̀rọ̀-orúkọ àwọ̀ tí ó ṣáájú ti tó láti ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀. Àǹfààní ibẹ̀ ni pé orúkọ náà ti sọ fún òṣìṣẹ́ pé níbi tí kò bá sí oòrùn, kò sí títàn.

Àwọ̀ tún ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Dúdú, funfun àti pupa ni orúkọ àwọ̀ mẹ́ta tí ó jẹ́ ìpìlẹ̀ nínú èdè wa. Ìlànà àgbáyé sì fi ààyè gba àwọ̀ mẹ́ta fún ẹ̀wù yìí: àwọ̀ ìyeyè, àwọ̀ ọsàn tí ó fẹ́ jọ ẹ̀jẹ̀, àti àwọ̀ ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀. Abẹ́ pupa ni gbogbo wọn ń bọ́ sí lọ́dọ̀ wa. Bí ìwé àṣẹ bá sọ pé “kí a ra ẹ̀wù pupa”, kò tíì sọ nǹkan kan. Ní àkókò òjò, nígbà tí gbogbo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà bá tutù yọ̀yọ̀, àwọ̀ ọsàn ni yóò yọ jù láàárín ewé. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, nígbà tí koríko bá gbẹ, tí ilẹ̀ pupa sì hàn síta, àwọ̀ ìyeyè ni mo fara mọ́. Kí atúmọ̀ èdè fi àwọ̀ hàn nípa ohun tí a mọ̀ ọ́n mọ́, kí ó má ṣe fi pupa nìkan sílẹ̀.

Ìwọ̀n ẹni tí ó ga

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́. Síbẹ̀, lẹ́tà ni àwọn olùtajà fi ń wọn ẹ̀wù yìí: M, L, XL, XXL. Lẹ́tà kan ṣoṣo kò lè sọ bí ènìyàn ti ga tó àti bí ó ti sanra tó lẹ́ẹ̀kan náà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀wù tí a ń tà, bí lẹ́tà ti ń ga sí i, fífẹ̀ ni ó ń pọ̀ jù. Gígùn kì í fi bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé e. Èdè wa sàn ju lẹ́tà lọ níbí. Bí a bá sọ pé ènìyàn sígbọnlẹ̀, a mọ̀ pé ó ga, ó sì tóbi. Bí a bá sọ pé ó ga gogoro, tí ó sì rí tẹ́ẹ́rẹ́, a mọ̀ pé irú mìíràn ni. Aránṣọ tí ó fẹ́ rán bùbá fún àwọn méjèèjì kò jẹ́ lo ìwọ̀n kan náà fún wọn. Ẹni gíga tí ó rí tẹ́ẹ́rẹ́ ni lẹ́tà ń dá lóró jù. Bí a bá fún un ní L, ẹ̀wù náà yóò dúró sí ìhà rẹ̀. Bí a bá fún un ní XXL nítorí gígùn, ẹ̀wù náà yóò máa fẹ́ lára rẹ̀ bí asíá, ẹ̀rọ tí ń yí sì lè fà á.

Kí ni ó burú nínú pé ẹ̀wù kúrú? Ẹ jẹ́ kí a fi ojú inú wo òṣìṣẹ́ méjì lójú ọ̀nà Ṣàrẹ́ ní òru, tí ọ̀kan ga ní mítà 1.65, tí èkejì ga ní mítà 1.92, tí wọ́n sì wọ irú ẹ̀wù kan náà. Ọ̀já ìsàlẹ̀ dé ìbàdí ẹni àkọ́kọ́. Egungun ìhà ni ó mọ fún ẹni kejì. Iná ọkọ̀ tí awakọ̀ tẹ̀ sílẹ̀ kí ó má baà fọ́ ẹlòmíràn lójú, ìsàlẹ̀ ni ó ń tàn sí jù; díẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ tí ń lọ sókè. Èyí já sí pé gbogbo ọ̀já tí ó wà lára ẹni gíga wà níbi tí iná kò ti tó, ṣòkòtò dúdú ni ó sì wà níbi tí iná pọ̀ sí. Ẹni tí ó rò pé gíga rẹ̀ ni awakọ̀ yóò fi tètè rí òun ti ṣìrò.

Nítorí náà, nǹkan méjì ni kí a wọ̀n: gíga ara àti ìyíká àyà. Ìlànà àgbáyé tí mo dárúkọ ṣáájú pàápàá kò fi mọ sí orí lẹ́tà; ó fẹ́ kí ìwọ̀n ara hàn lórí àmì tí a rán mọ́ ẹ̀wù. Kí òṣìṣẹ́ wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ kí a tó fi téèpù wọ̀n ọ́n, nítorí orí aṣọ náà ni ẹ̀wù yóò wà. Lẹ́yìn èyí, kí ó fa síìpù rẹ̀ dé òkè, kí ó na ọwọ́ méjèèjì sókè, kí ó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì lóṣòó. Kí ẹlòmíràn dúró ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan, kí ó wò ó níwájú, lẹ́yìn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ọ̀já kò bá yí i ká délẹ̀, tàbí bí ọ̀já ìsàlẹ̀ bá gun orí àyà nígbà tí ó na ọwọ́, ẹ̀wù náà kì í ṣe tirẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ kan wà tí ó dára ju kí a máa wá ẹ̀wù tí ó gùn ju ọwọ́ lọ. Òun ni kí a fi ṣòkòtò tí ó ní ọ̀já adá-ìmọ́lẹ̀-padà kún un. Àwọn onímọ̀ nípa ìríran ti fi hàn pé nígbà tí ọ̀já bá wà ní apá àti ẹsẹ̀ tí ń mì, awakọ̀ máa ń tètè mọ̀ pé ènìyàn ni òun ń wò, pé kì í ṣe òpó tàbí àmì ojú ọ̀nà. Ohun tí kò dára ni kí aránṣọ fi aṣọ ìyeyè lásán gùn ún nísàlẹ̀. Aṣọ ìyeyè lásán kì í ṣe àwọ̀ agboòrùn-tàn, bí ó tilẹ̀ jọ ọ́ lójú ẹni tí ó dúró nínú ìsọ̀.

Àwọn tí yóò tako èyí

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé iṣẹ́ onímọ̀ ẹ̀rọ ni èyí, kì í ṣe ti onímọ̀ èdè. Àwọn mìíràn yóò sọ pé owó kò sí, pé ẹni tí ó rí ẹ̀wù kankan wọ̀ kí ó dúpẹ́. Èsì mi sí àwọn ti àkọ́kọ́ ni pé onímọ̀ ẹ̀rọ ti ṣe tirẹ̀. Ìlànà ti wà nílẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ohun tí kò sí ni pé kí ẹni tí yóò wọ ẹ̀wù náà lè kà á ní èdè tí ó ń lá àlá. Èsì mi sí àwọn èkejì ni pé ẹ̀wù oríṣi ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta kò gbówó lórí ju oríṣi kan lọ bí iye wọn bá dọ́gba. Kí a tó rà á ni ó yẹ kí a wọ̀n, kí ó má baà di pé aṣọ kò bá Ọmọ́yẹ mọ́, Ọmọ́yẹ ti rìn ní ìhòòhò wọ ọjà.

A kò bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Láti ọdún 1970 ni Ètò Ọlọ́dún Mẹ́fà ti Ifẹ̀, èyí tí Bàbátúndé Fáfúnwà darí, ti fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní sáyẹ́ǹsì. Àwọn ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé àti Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú wọn ní ọdún 1984 àti 1990 sì fi ọ̀nà ìṣẹ̀dá hàn wá. Yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni a ti lo ọ̀nà náà jù. Ó tó àkókò kí ó dé ojú pópó.

Ìkádìí

Mo ń rọ àwọn olùkọ́ kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí dán iṣẹ́ wò níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọn, kí àwọn atúmọ̀ èdè sì fi wọ́n sínú ìwé ìkìlọ̀ tí ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn agbaṣẹ́ṣe bá gbé fún wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní èyí tí ó sàn jù, kí ó mú un wá sí ojú ìwé yìí. Kí a lè mọ̀ bóyá wọ́n ṣe é lò, mo fi wọ́n ṣe ìkìlọ̀ tí ó lè wà lára ẹ̀wù kọ̀ọ̀kan:

“Ẹ wọ ẹ̀wù ìfarahàn yìí sórí aṣọ iṣẹ́ yín, kí ẹ sì fa síìpù rẹ̀ dé òkè. Àwọ̀ agboòrùn-tàn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀sán. Ọ̀já adá-ìmọ́lẹ̀-padà rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní òru nígbà tí iná ọkọ̀ bá tàn sí i. Ẹ nu eruku kúrò lára rẹ̀. Bí ọ̀já ìsàlẹ̀ kò bá dé ìbàdí yín, ẹ béèrè fún èyí tí ó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ẹ tó bọ́ sójú ọ̀nà.”